Ìjókòó Tí Bàbá Ti Jókòó Sí Rí

Wọ́n bá òkú náà pẹ̀lú orí wáyà ṣájà tí wọ́n fi ń fún ọkọ̀ níná lọ́wọ́, bí ẹni tí iṣẹ́ kò tíì tán lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí kọnkéré ọgbà ilé ìtajà ọkọ̀ kan, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, fìlà rẹ̀ sì ti yí lọ sídìí ògiri. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ti gbẹ mọ́ ìpàkọ́ rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ tuntun tò sí, àwọn ọkọ̀ tí kì í mu epo, tó jẹ́ iná mànàmáná ni wọ́n fi ń rìn. Wọ́n ń dán nínú oòrùn àárọ̀ bíi pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

"Iná ló gbé wọn," ni ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní Gìrìgìrì wí. "Màmá, ọ̀rọ̀ yìí kò le rárá. Wọ́n di ẹnu wáyà mú, iná gbé wọn, wọ́n ṣubú, wọ́n fi ìpàkọ́ gbálẹ̀. Oníṣẹ́ iná tó gbé ṣájà yìí kọ́ ògiri ti wà lẹ́yìn ọkọ̀ wa. Mo ti mú un."

"O ti mú un kí n tó dé?"

"Kó má baà sá lọ ni."

Obìnrin tó ń bá sọ̀rọ̀ kò bá a jà. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, ó ti sún mọ́ ìfẹ̀yìntì, orúnkún sì máa ń dùn ún. Màmá Pẹ̀lẹ́ ni gbogbo àgọ́ ọlọ́pàá ń pè é, nítorí kò sí ẹni tí kì í kí ní pẹ̀lẹ́. Á kí ẹni tí olè jà, á sì kí olè náà. Àwọn tó ti ṣẹ̀wọ̀n sọ pé ìgbà tí àwọn gbọ́ "ẹ pẹ̀lẹ́" yẹn ni inú àwọn kọ́kọ́ dàrú.

Ó rọra kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá," ló wí. Ó gbàdúrà kúkúrú sínú, kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ló ṣí àtẹ́lẹwọ́ olóògbé.

"Gìrìgìrì, kí lo rí níbí?"

"N kò rí nǹkan kan, Màmá."

"Èmi náà kò rí nǹkan kan. Iná tó lágbára tó báyìí, kò ha yẹ kó jó wọn lọ́wọ́ díẹ̀?"

Gìrìgìrì gbé èjìká sókè. Màmá Pẹ̀lẹ́ dìde, ó di ògiri mú. Ó mọ olóògbé lójú, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe mọ̀ ọ́n. Olùyẹ̀wò ọkọ̀ ni. Ọkọ̀ tuntun kan kì í bọ́ sí títì láìjẹ́ pé bàbá yìí ti wò ó, tó sì ti sọ ìsọ̀rí rẹ̀: ọkọ̀ èrò ni, tàbí ọkọ̀ ẹrù. Oníṣẹ́ iná tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ ọlọ́pàá yẹn, àna bàbá ni. Òun ló fẹ́ ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo.

"Ìyàwó rẹ̀ gan-an ló sọ fún wa," ni Gìrìgìrì wí. "Òun àti bàbá ìyàwó rẹ̀ pariwo mọ́ra wọn lálẹ́ ìjẹta. Ó ní, 'Ẹ ó fi ẹnu yín pa ara yín.' Ọ̀la la ó gbé e lọ sílé ẹjọ́."

*

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ṣe bí ẹni pé òun gbé idà lọ́wọ́. Ó na ara rẹ̀ tantan.

"N kò kúrò lẹ́nu géètì yìí látàárọ̀ àná títí ilẹ̀ fi mọ́, Màmá. Eṣinṣin kan kò kọjá." Ó sín.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Òtútù ló mú yín?"

"Òtútù kẹ̀? Nínú ooru yìí?" Ó tún sín.

Ọmọbìnrin tó ń bá wọn ta ọkọ̀ ń kọjá lọ pẹ̀lú omi lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ pọ́n. Màmá Pẹ̀lẹ́ pè é. "Ẹ jọ̀wọ́, àǹtí, ọkọ̀ pupa tó wà lápá ọ̀hún yẹn, kí ló dé tí gíláàsì rẹ̀ fi lábàwọ́n ọwọ́?"

"Ọkọ̀ tí a fi ń han oníbàárà ni, Mà. Ó tún ń dà wá láàmú. Ní ìrọ̀lẹ́ a ó fún bátìrì rẹ̀ níná títí á fi kún, tó bá di àárọ̀ á ti gbẹ."

Màmá Pẹ̀lẹ́ yíjú sí ẹ̀ṣọ́. Ẹ̀ṣọ́ yíjú sí ilẹ̀.

"Ẹ̀rọ amúlétutù inú ọkọ̀ yẹn dára, àbí?" ló bi í.

Gìrìgìrì ti na ọwọ́ sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. "Aha! Ó parọ́! Màmá, òun nìyẹn!"

"Ẹ gbà mí o!" Ẹ̀ṣọ́ wólẹ̀. "Oorun ni mo lọ sùn, n kò pa ẹnì kankan! Páànù ni òrùlé yàrá mi, Màmá, ó gbóná bí ààrò. Mo máa ń wọlé síbẹ̀, màá ti fèrèsé, màá dà bí olówó."

"Ẹ dìde. Nígbà tí ẹ dà bí olówó lánàá, kí lẹ gbọ́?"

Ó ronú. "Sípánà. Bí ẹni ń tú nǹkan. Ní ìrọ̀lẹ́ ni, ilẹ̀ kò tíì ṣú. Mo rò pé àwọn mẹkáníìkì ń ṣe àṣekún iṣẹ́. Àfi ìgbà tí mo rántí pé gbogbo wọn ti dágbére fún mi kí n tó wọnú ọkọ̀."

"Ẹ kò sì jáde lọ wò ó?"

"Bí mo bá jáde, Máníjà á mọ̀ pé inú ọkọ̀ ni mo wà."

Gìrìgìrì fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ padà sápò, bí ọmọ tí wọ́n gba súìtì lọ́wọ́ rẹ̀.

*

Òórùn lọ́fínńdà kún inú yàrá Máníjà ilé ìtajà náà. Lára ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ́ àwòrán ńlá kan sí, ìlà pupa kan ló wà nínú rẹ̀ tó ń gòkè, tó ń gòkè, títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà.

"Ìlà wo nìyí?" ni Màmá Pẹ̀lẹ́ bi í.

"Àwọn ọkọ̀ èrò oníná tí a tà nìyẹn, Màmá." Ọkùnrin náà kò lè ṣe kó má rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ ọjọ́ ọ̀fọ̀. "Níbi gbogbo ni títà wọn ń lọ sílẹ̀ lọ́dún yìí. Àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù bátìrì. Lọ́dọ̀ tiwa nìkan ló ń gòkè. Ilé iṣẹ́ tó ń rọ ọkọ̀ yìí lókè òkun ti fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí wọ́n rí ìlà yìí."

"Bí ẹ bá tà á fún ẹrù ńkọ́?"

"Wọn kì í ka ọkọ̀ ẹrù mọ́ ọn. Ọkọ̀ ìdílé ni wọ́n ń fẹ́."

"Àwọn wo ló ń rà á?"

"Àwọn ìyá ọlọ́mọ. Àwọn olùkọ́. Ènìyàn dáadáa."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́? Èwo lẹ ń gùn?"

Máníjà rẹ́rìn-ín gan-an lọ́tẹ̀ yìí. "Èmi? Elépo ni tèmi o. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ta ọkọ̀ elépo, Màmá. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ló ń fún àwọn wọ̀nyí níná, èmi kì í sún mọ́ ọn." Ó sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀. "Mo ti ń kìlọ̀ fún oníṣẹ́ iná yẹn. Nǹkan eléwu ni. Ẹnikẹ́ni tó bá fọwọ́ kan irin ẹnu wáyà yẹn nígbà tí iná wà, ó di òkú."

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ni Màmá Pẹ̀lẹ́ wí.

*

Ọmọ olóògbé jókòó sórí ibùsùn, kò wọ bàtà. Bàtà iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti kọjú wọn sí ògiri, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n máa wo òun.

"Èmi ni mo sọ fún wọn," ló wí kí wọ́n tó bi í. "Wọ́n bi mí bóyá wọ́n jà. Mo ní wọ́n jà. Ṣé kí n parọ́ ni? Bàbá mi ló kú. Bàbá mi, Màmá. Bí mo bá sì tún sunkún, n kò mọ ẹni tí mò ń sunkún sí nínú wọn."

Màmá Pẹ̀lẹ́ jókòó tì í títí ẹkún náà fi rọlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá mi. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ bá mi ríran díẹ̀. Kí ló dá ìjà náà sílẹ̀?"

"Bàbá ní kí ọkọ mi fi iṣẹ́ ilé ìtajà yẹn sílẹ̀, pé ọwọ́ wọn kò mọ́. Ọkọ mi ní iṣẹ́ yẹn nìkan ni òun rí, pé bí Bàbá bá ń ba àwọn ọ̀gá òun lórúkọ jẹ́ kiri, wọ́n á lé òun. Ibẹ̀ ló ti sọ gbólóhùn burúkú yẹn. Kì í ṣe ẹni tó máa ń pariwo, Màmá. Ṣùgbọ́n ó pariwo."

"Kí ni Bàbá rí tí wọ́n fi ní ọwọ́ wọn kò mọ́?"

"Wọn kò là á mọ́lẹ̀. Ó ti ń rẹ̀ wọ́n, mo rò pé ọjọ́ orí ni. Wọ́n ní, 'Ọmọ mi, mo jókòó sórí ìjókòó kan lónìí tí mo ti jókòó sí rí.' Mo ní, 'Bàbá, ọkọ̀ tuntun kọ́ ni?' Wọ́n ní, 'Ọkọ̀ tuntun ni, ìjókòó àtijọ́ ni. Ó gún mi nítan níbi tó ti gún mi lóṣù tó kọjá.' Mo rẹ́rìn-ín." Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín."

"Kí ló dé tí wọ́n fi ń jókòó sórí ìjókòó?"

"Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Àwọn olùyẹ̀wò yòókù á yọjú lójú fèrèsé, wọ́n á kà á lójú. Bàbá ní ojú a máa fẹ́ lọ sílé kíákíá. Gbogbo ìjókòó inú ọkọ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i pé ọkọ̀ èrò ni."

Nígbà tí Màmá Pẹ̀lẹ́ dìde, ọmọbìnrin náà di aṣọ rẹ̀ mú.

"Ẹ sọ òtítọ́ fún mi. Ṣé òun ló ṣe é? Inú mi ń sọ pé òun kọ́. Ṣùgbọ́n inú mi yìí náà ló sọ fún mi pé Bàbá ń ṣarán."

"N kò tíì mọ̀," ni Màmá Pẹ̀lẹ́ wí, nítorí kì í parọ́ fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.

*

Nínú àtìmọ́lé, oníṣẹ́ iná náà fi orí lé eékún.

"Ẹ ò ní gbà mí gbọ́," ló wí. "Wáyà yẹn kò lè pa ènìyàn báyẹn. Iná kì í dé ẹnu rẹ̀ títí ẹ ó fi kì í bọ ọkọ̀. Ọkọ̀ àti ṣájà á kọ́kọ́ kí ara wọn, wọ́n á gbọ́ra yé, kí iná tó kọjá. Bí ẹ bá dì í mú lásán, okùn lásán lẹ dì mú. Àwa tí à ń lò ó lójoojúmọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Ohun tí apànìyàn máa sọ náà nìyẹn," ni Gìrìgìrì dá sí i.

"Ó lè jẹ́," ni Màmá Pẹ̀lẹ́ wí. "Ó tún lè jẹ́ ohun tí apànìyàn kò mọ̀."

Ọkùnrin náà gbójú sókè. "Ìyàwó mi ti jẹun? Bí inú rẹ̀ bá bàjẹ́, kì í jẹun. Ẹ bá mi sọ fún un pé n kò fi ọwọ́ kan Bàbá. Ó mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ bá mi sọ fún un."

Màmá Pẹ̀lẹ́ ṣẹ́wọ́ sí Gìrìgìrì pé kó tẹ̀ lé òun. Ó jáde.

*

Lẹ́bàá títì ńlá ni ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè fún ọkọ̀ oníná ní iná wà. Màmá Pẹ̀lẹ́ ní kí Gìrìgìrì páàkì.

"Wò wọ́n dáadáa. Ìlà Máníjà ń gòkè bí àkàsọ̀. Ó ní àwọn ìyá ọlọ́mọ ló ń rà á. Ọmọ mélòó lo rí níbí?"

Gìrìgìrì wò. Ọkọ̀ gíga gbọọrọ ni gbogbo wọn, irú èyí tó wà nínú ọgbà ilé ìtajà. Ọ̀kan kó búrẹ́dì, ọ̀kan kó páìpù, òmíràn kó aṣọ alágbàfọ̀. Lára gíláàsì iwájú gbogbo wọn ni wọ́n lẹ àmì ìsọ̀rí mọ́: ọkọ̀ èrò.

Màmá Pẹ̀lẹ́ kí awakọ̀ búrẹ́dì. "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Àwọn èrò yín dà?"

"Àwọn rèé." Ọkùnrin náà ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, òórùn búrẹ́dì gbígbóná tú jáde. "Èrò tó dára ni wọ́n o, Màmá. Wọn kì í bá mi jiyàn, wọn kì í ní kí n dúró káwọn tọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ yọ ìjókòó rẹ̀?"

"Ìjókòó wo? Bó ṣe dé láti ilé ìtajà nìyẹn. Ihò lásán la bá nílẹ̀."

Ó fi ìka kan ihò náà hàn án. Eruku kò tíì rí àyè wọ inú rẹ̀ tán. Ẹnu ihò náà ti bó, irin funfun yọ níbi tí bóòtù ti wọlé tó sì ti jáde.

Wọ́n padà sínú ọkọ̀. Gìrìgìrì gbàgbé láti tan ọkọ̀. "Màmá... ìjókòó kan náà ni wọ́n ń tì bọ inú gbogbo wọn?"

"Wọ́n á dè é mọ́lẹ̀ nígbà tí olùyẹ̀wò bá ń bọ̀. Tó bá ti fọwọ́ sí i, wọ́n á tú u, wọ́n á dè é mọ́ òmíràn. Ọkọ̀ ẹrù ni wọ́n ń tà, ọkọ̀ èrò ni wọ́n ń kà. Ẹni tó bá ń fojú kà á kò lè mọ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n bàbá arúgbó kan wà tó máa ń jókòó."

*

Nígbà tí wọ́n dé ọgbà náà, Màmá Pẹ̀lẹ́ gun ọkọ̀ gíga tó wà nítòsí ṣájà. Orúnkún rẹ̀ kò fẹ́, ó sì bá a wí jẹ́jẹ́. Ó jókòó sórí ìjókòó kọ̀ọ̀kan, láti iwájú lọ sẹ́yìn. Èyí tó wà ní ìkángun gún un nítan.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi tọ́ọ̀ṣì wo abẹ́ rẹ̀. Rọ́bà tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ ọkọ̀ ṣì ń dán bíi tuntun, ṣùgbọ́n orí bóòtù ìjókòó ti họ tán. Ẹ̀gbẹ́ kan ti tú, ẹ̀gbẹ́ kejì kò tíì tú. Ẹnì kan ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí kò parí. Láàárín irin àti tìmùtìmù, níbi tí àkísà kò lè dé, nǹkan kan ti gbẹ síbẹ̀ tí kì í ṣe epo.

Ó jókòó sílẹ̀ nínú ọkọ̀ náà. Omi dé ojú rẹ̀. "Olúwa," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ ṣàánú àwa ọmọ ènìyàn."

Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n pe gbogbo wọn síta: Máníjà, ẹ̀ṣọ́, ọmọbìnrin tó ń ta ọkọ̀. Wọ́n dúró yí ká. Ó tan ṣájà. Iná aláwọ̀ ewé ràn lára rẹ̀. Ó fa wáyà jáde.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, gbogbo yín. Mo kàn fẹ́ mọ bí Bàbá ṣe dì í mú ni." Ó na ìka rẹ̀ tààrà sí irin ẹnu wáyà.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!" Máníjà fò sẹ́yìn, ó fi apá bo ojú. "Ẹ ó kú! Ẹ ó kú!"

Ìka Màmá Pẹ̀lẹ́ ti wà lórí irin. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin náà ń wo Máníjà tìyanu-tìyanu. Ẹ̀ṣọ́ pàápàá kò mira.

"Sà, kò sí iná nínú rẹ̀ o," ni ọmọbìnrin náà wí. "Kò tíì wọnú ọkọ̀. Ẹ ò mọ̀ ni?"

Gbogbo wọn yíjú sí Máníjà.

"Máníjà kò mọ̀," ni Màmá Pẹ̀lẹ́ wí. "Nínú gbogbo wa tó dúró síbí, àwọn nìkan ni kò mọ̀. Bí oníṣẹ́ iná bá pa ènìyàn, ṣé wáyà tí òun mọ̀ pé kò níná ni yóò fi sí i lọ́wọ́? Ẹni tó ń ta ọkọ̀ tí kò fún níná rí ló lè ṣe bẹ́ẹ̀." Ó da wáyà padà sáyè rẹ̀. "Bàbá padà wá wo ìjókòó yẹn lánàá. Wọ́n bá yín nínú ọkọ̀, sípánà wà lọ́wọ́ yín. Òun lẹ gbá mọ́ wọn nípàkọ́, kí ẹ tó gbé wọn wá síbí, kí ẹ sì fi wáyà sí wọn lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ wọn ṣì wà níbẹ̀, sà."

Máníjà wo ọkọ̀ gíga náà. Lọ́fínńdà rẹ̀ ṣì ń run.

"Mo bẹ̀ wọ́n," ló wí nígbẹ̀yìn. "Mo ní kí wọ́n fojú fò ó dá. Gbogbo àwọn tó ń jẹun níbí, bí ìlà yẹn bá wálẹ̀, gbogbo wa la wálẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò lè fọwọ́ sí irọ́. Wọ́n yí ẹ̀yìn sí mi..."

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ni Màmá Pẹ̀lẹ́ wí, ó sì ṣẹ́jú sí Gìrìgìrì.

*

Ilẹ̀ ń ṣú lọ nígbà tí wọ́n tú oníṣẹ́ iná sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti dúró níwájú àgọ́, ó gbé aṣọ tó mọ́ sínú àpò. Wọ́n dúró, wọ́n ń wo ara wọn. Kò sí ẹni tó sáré.

"Wọ́n ní ẹnì kan sọ fún wọn pé mo bá Bàbá jà," ni ọkùnrin náà wí.

"Èmi ni."

Ó mi orí, bí ẹni tó ti mọ̀ ṣùgbọ́n tó ti ń gbàdúrà pé kó má rí bẹ́ẹ̀. "Ìjà náà wáyé lóòótọ́. N kò bá ọ wí. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé o rò ó? Pé èmi ló ṣe é?"

Ọmọbìnrin náà wo ilẹ̀. Màmá Pẹ̀lẹ́, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà, fẹ́ràn kó bá a dáhùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹjọ́ tirẹ̀.

"Láàárọ̀ yìí," ni ìyàwó wí, "mo rò ó."

Ọkùnrin náà gba àpò aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá ní kí n kúrò níbẹ̀," ló wí. "Ká ní mo gbọ́ ni, wọn ì bá má padà lọ síbẹ̀ láti ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ẹ̀rí tí wọ́n á fi hàn mí." Ó yíjú, ó ń lọ. Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n àyè tó wà láàárín wọn gba ẹlòmíràn.

"Màmá," ni Gìrìgìrì wí, kò yára sọ̀rọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, "ṣé wọ́n á parí ẹ̀?"

Tọkọtaya náà ti dé etí títì. Ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀. Ọkùnrin náà dúró, kò bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́ sẹ́yìn, bí ọkọ ṣe máa ń ṣe fún ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ sọdá. Obìnrin náà wo ọwọ́ náà títí. Àyè là lójú títì, ó tún dí, ó tún là, kó tó dì í mú.